Oró, Májèlé àti Aporó: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìtọ́jú Ajá tí Ejò Ṣán ní Alímọ̀ṣọ́

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò tóbi lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà nídìí rẹ̀. Bí ejò bá ṣán ajá ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Ìgàndò, ọ̀rọ̀ wo ni alájá àti oníṣègùn ẹran yóò fi gbọ́ ara wọn yé? Oníṣègùn ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ṣẹ́, bóyá ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta. Yorùbá ni alájá fi ń ronú, bí ó tilẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ajá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ń ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò bá bára mu, àlàyé ni a ó fi wákàtí tí ó yẹ kí a fi gba ajá là ṣe.

Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni iṣẹ́ mi. Ohun tí mo mọ̀ nípa oró àti ìwòsàn rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni mo ti gbọ́ ọ, àti nínú ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pé orúkọ tí a bá sọ ohun kan ni ó sábà máa ń darí ọwọ́ tí a fi ń mú un, n kò sì tí ì rí ibi tí èyí ti hàn kedere tó bí ó ti hàn nínú ọ̀rọ̀ ejò àti ajá yìí.

Ilẹ̀ Àwórì ni Alímọ̀ṣọ́. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀, iye yìí ni ó sì pọ̀ jù nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé ti gba ilẹ̀ oko, ṣùgbọ́n ejò kò tí ì kúrò. Ó wà ní ilé àkọ́patì tí koríko ti bò, ó wà ní etí odò àti ní àbàtà, ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ òkìtì pàǹtírí bí irú èyí tí a mọ̀ sí Solous ní Ìgàndò. Ibi tí pàǹtírí bá pọ̀ sí ni eku ń pọ̀ sí, ibi tí eku bá sì wà ni ejò ń wá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ajá tí a tú sílẹ̀ lóru láti ṣọ́ ilé ni ó máa ń kọ́kọ́ bá a pàdé. Nítorí pé imú ni ajá fi ń yẹ ohun àjèjì wò, orí, ẹnu àti ẹsẹ̀ iwájú ni ejò máa ń ṣán an sí jù lọ.

Oró kì í ṣe májèlé

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí pé níbẹ̀ èdè wa kò ṣe aláìní. Ajá a máa géni jẹ, àkéekèé a máa tani, ejò a máa ṣánni. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ajá gé ọmọ jẹ, dìgbòlugi ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn; ẹni tí ó bá gbọ́ pé ejò ṣán ọmọ, oró ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ti pín àìsàn méjì níyà kí oníṣègùn tó dé. Nítorí náà, n kò rí ìdí tí a ó fi máa kọ ọ́ sínú ìwé pé ejò "gé ajá jẹ", bí àwọn kan ti ń ṣe nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún méjèèjì.

Orí ọ̀rọ̀-orúkọ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Oró ni ohun tí ń bẹ nínú àpò tí ó wà lẹ́yìn ojú ejò, tí ó ń gba inú ọ̀gán rẹ̀ wọ ara ẹni tí ó bá ṣán. Ṣùgbọ́n oró náà ni ìrora: a ní ẹnìkan ń jẹ oró, a ní ìkà dá ènìyàn lóró. Bí alájá bá sọ fún dókítà pé oró ajá òun ti rọ̀, ohun tí ó ń wí ni pé ajá kò ké mọ́. Dókítà lè gbà pé ohun tí ejò fi sí i lára ti tán. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì, nítorí pé oró mìíràn wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni, tí ajá yóò dákẹ́ bí ẹni tí ara ń tù, tí ó sì jẹ́ pé èémí rẹ̀ ni ó ń lọ. Àbá mi ni pé, nínú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí a fi oró mọ sí ohun tí ń bẹ nínú ejò, kí a sì máa pe èyí tí ajá ń jẹ ní ìrora.

Èyí tí ó burú jù ni májèlé. Ní àdúgbò tí à ń wí yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sọ pé ejò ti fi májèlé sí ajá lára. Gbàrà tí a bá ti pè é ní májèlé, ìtọ́jú tí ó bá orúkọ náà rìn yóò tẹ̀lé e: epo pupa ni a ó wá, a ó la ẹnu ajá, a ó sì dà á sí i lọ́fun. Kódà fún májèlé gan-an, àwọn oníṣègùn kò fọwọ́ sí epo pupa. Fún oró ejò, epo yìí lè pa ajá tí oró kò bá pa. Ajá tí ọ̀fun rẹ̀ ti wú, tàbí tí ìgbé-ǹkan-mì ti di ìṣòro fún, ẹ̀dọ̀fóró ni epo yóò gbà lọ. Ohun tí a jẹ tàbí tí a mu ni májèlé, ikùn sì ni ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí a fi eyín gún sí ara ni oró; inú ẹran-ara àti ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà tirẹ̀, ikùn kò sì sí níbẹ̀. Ìwọ̀nba ìyàtọ̀ yìí ni àwọn baba wa fi ọ̀rọ̀ méjì yàn sọ́tọ̀. Àwa ni a dà á pọ̀.

Nípa okùn dídì mọ́ ẹsẹ̀, gbẹ́rẹ́ sínsín, oró fífi ẹnu fà àti òkúta dúdú tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Okùn a máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀ a sì kú. Gbẹ́rẹ́ lára ajá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè dì mọ́ dà bí ẹni tí ó la kòtò fún odò tí ó ti kún.

Iṣan mẹ́ta

Ibí yìí ni mo kà sí kókó ọ̀rọ̀ wa. Orúkọ kan ṣoṣo, iṣan, ni Yorùbá fi ń pe ohun mẹ́ta tí oníṣègùn kò gbọdọ̀ dàpọ̀. Iṣan ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ara. Iṣan ni ẹran líle tí ó ń yọ lápá alágbára. Iṣan náà ni okùn tín-ín-rín tí ń gbé iṣẹ́ láti inú ọpọlọ lọ sí gbogbo ẹ̀yà ara. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni a fi ń mọ èyí tí à ń wí. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá sọ fún alájá pé oró ejò yìí ń ba iṣan jẹ́, ohun mẹ́ta ni ó wí lẹ́ẹ̀kan náà, ìtọ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì dọ́gba.

Oró àwọn ejò bí Bitis a máa ba ògiri ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ jẹ́, a sì máa dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kí ó má dì. Ajá yóò wú, ẹ̀jẹ̀ yóò máa jáde ní èrìgì rẹ̀ tàbí nínú ìtọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ yóò sì tutù bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Oró ṣèbé inú igbó yàtọ̀. Ibi tí okùn tín-ín-rín yẹn ti pàdé ẹran líle ni ó lọ ń jókòó sí, tí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán kò fi ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí. Ìpéǹpéjú ajá yóò wálẹ̀, ọrùn rẹ̀ yóò rọ, gbígbó rẹ̀ yóò yí padà, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé àyà rẹ̀ kò ní lè gbé èémí mọ́. Ajá bẹ́ẹ̀ lè yè bí a bá ti páìpù bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tí a sì ń bá a mí títí oró yóò fi tú u sílẹ̀. Ṣèbé tí ń tutọ́, Naja nigricollis, tún yàtọ̀ sí méjèèjì: ẹran-ara tí ó ṣán ni ó ń pa, tí yóò dúdú, tí yóò sì kẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni David Warrell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zaria fi hàn lára àwọn aláìsàn wọn pé ẹran kíkú ni ejò yìí ń fà, kì í ṣe ara rírọ tí a ti máa ń retí lọ́dọ̀ gbogbo ṣèbé.

Ọ̀rọ̀ wo ni kí á wá lò? Iṣan ẹ̀jẹ̀ ti wà, ó sì dára. Iṣan ẹran kò ní ìṣòro. Fún ìkẹta, mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń lo iṣan ìmọ̀lára. Kò bá ibí yìí mu. Ìmọ̀lára ni mímọ̀ pé nǹkan gbóná tàbí pé ó dunni, ṣùgbọ́n iṣan tí oró ṣèbé ń dí kì í ṣe èyí tí ń gbé ìròyìn wá sílé, èyí tí ń gbé àṣẹ jáde ni. Bí a bá ń pè é ní iṣan ìmọ̀lára, alájá yóò fi àtàǹpàkò tẹ ajá rẹ̀, ajá yóò wò ó, òun yóò sì ní iṣan rẹ̀ pé. Iṣan ajíṣẹ́ ni mo dá lábàá. Ẹni tí a rán níṣẹ́ tí ó jẹ́ ẹ ni ajíṣẹ́, yálà ó ń lọ ni tàbí ó ń bọ̀.

Láti ara ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni a ti lè ṣẹ̀dá orúkọ fún irú oró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kọ́kọ́ ronú sí oró ẹlẹ́jẹ̀ àti oró ẹlẹ́ran, ṣùgbọ́n ẹlẹ́ran ni obìnrin tí ń ta ẹran ní ọjà Ìkòtún, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀-ìperí bú ẹnikẹ́ni. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni ó yẹ, irú èyí tí a rí nínú abanijẹ́: oró abẹ̀jẹ̀jẹ́, oró apẹran-ara, oró adínà-iṣẹ́. Èyí tí ó gbẹ̀yìn gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ gan-an, alájá yóò sì mọ̀ pé èémí ni kí òun máa ṣọ́.

Àyẹ̀wò kan wà tí ó rọrùn, tí kò gba iná mànàmáná, tí a fi ń mọ̀ bí oró abẹ̀jẹ̀jẹ́ bá ti wọ ara. A ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré, a ó gbé e kalẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú láìfọwọ́kàn án, lẹ́yìn náà a ó dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń ṣàn bí omi, oró ti ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Lára ajá tí ara rẹ̀ le, ẹ̀jẹ̀ a máa dì kí àkókò yìí tó pé. Àyẹ̀wò ogún ìṣẹ́jú ni mo pè é. Èdè wa wúlò níhìn-ín lọ́nà tí n kò retí: ìgò ni ìgò, ike ni ike, a kì í pe ọ̀kan ní èkejì. Inú ike, àyẹ̀wò yìí a máa purọ́. Inú ìgò tí a fi ọṣẹ fọ̀, a tún máa purọ́. Ìgò gbígbẹ tí ó mọ́ tí ọṣẹ kò kàn ni kí á kọ sílẹ̀.

Aporó, ẹ̀rọ̀ tàbí àjẹsára

Ní 1984 ni a tẹ apá kìn-ín-ní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé. Ṣáájú rẹ̀, ètò Ifẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ti fi hàn pé sáyẹ́ǹsì kò ju agbára èdè yìí lọ. Ìlànà tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí ni pé kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nílẹ̀ kí á tó lọ yá ọ̀rọ̀.

Oògùn tí ó ń ṣẹ́gun oró ejò ni a fẹ́ sọ lórúkọ. Ní àárín ọdún 1890 sí 1896 ni Albert Calmette, ará Faransé, ṣe èyí tí ó jẹ́ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ kò sì tí ì yí padà púpọ̀. A ó máa fún ẹṣin ní oró ní ìwọ̀n kékeré tí kò lè pa á. Ara ẹṣin yóò pèsè èròjà tí ń di oró mú. A ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ó ya èròjà náà sọ́tọ̀, òun ni a ó sì gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ejò ṣán.

Àwọn kan ń pè é ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ejò. Ó lòdì, ó sì léwu. Àjẹsára a máa kọ́ ara ní ìjà ṣáájú ọjọ́ ìjà. Oògùn yìí ọmọ-ogun àyálò ni, tí yóò jà lónìí tí yóò sì lọ. Alájá tí ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún ajá rẹ̀ a máa sọ pé, "Ẹ má bínú, dókítà, ajá yìí ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀," ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀ lórí ejò pẹ̀lú. Orúkọ ni ó tàn án.

Ẹ̀rọ̀ dùn létí, ó sì ní iyì lẹ́nu àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń mú nǹkan rọlẹ̀ ni. Ìgbín jẹ́ ẹ̀rọ̀, omi tútù jẹ́ ẹ̀rọ̀. Bí a bá pe oògùn yìí ní ẹ̀rọ̀, a ó retí kí wíwú lọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ àti kí ẹran tí ó ti kú jí. Oògùn náà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Oró tí ń káàkiri ni ó ń mú. Ohun tí oró ti bàjẹ́ ṣáájú kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí á pẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni aporó: a, pa, oró, tí fáwẹ̀lì pa ti jẹ́ pípajẹ. Bí a ti ń pa iná ni a ń pa oró; ẹni tí iná jó ilé rẹ̀ mọ̀ pé panápaná kò lè sọ eérú di àga padà. Ẹnìkan dábàá póropòro fún mi ní àwòṣe panápaná, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ pòròpórò jù, igi ọkà bàbà sì kọ́ ni a fẹ́ gún sí ajá lára.

Aporó kan kì í pa gbogbo oró, orúkọ náà sì gbọ́dọ̀ lè sọ èyí. Nàìjíríà ní àpẹẹrẹ tí ó dára. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìlera ti Ìjọba Àpapọ̀ ti bá àwọn onímọ̀ ní Oxford àti Liverpool ṣiṣẹ́, tí iṣẹ́ náà sì bí àwọn oògùn tí ń jẹ́ EchiTAb. EchiTAbG, tí a ń ṣe ní Wales láti ara àgùntàn, Echis ocellatus nìkan ni ó wà fún. EchiTAb-Plus-ICP, tí a ń ṣe ní Costa Rica láti ara ẹṣin, wà fún Echis ocellatus, Bitis arietans àti Naja nigricollis. A dán méjèèjì wò lára 400 aláìsàn ní Kaltungo ní Ìpínlẹ̀ Gombe, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Mo pe ti àkọ́kọ́ ní aporó ẹlẹ́jò-kan, èkejì ní aporó ẹlẹ́jò-mẹ́ta. Ejò ilẹ̀ ọ̀dàn ni Echis. Ẹni tí ó bá fi owó iyebíye ra aporó ẹlẹ́jò-kan yìí fún ajá tí ṣèbé ṣán ní Ìgàndò, omi lásán ni ó rà.

Nǹkan méjì ni àwọn oníṣègùn ní kí n má gbàgbé. Ìkíní, ìwọ̀n oró ni a fi ń díwọ̀n aporó, kì í ṣe ìwọ̀n ara. Ejò kì í bu oró kù nítorí pé ajá kéré. Ìdí nìyí tí ajá kékeré fi lè gba tó ajá ńlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkejì, ohun tí ó ti ara ẹṣin wá lè bí ara ajá nínú, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ lójijì. Ìkọ̀-ara ni mo pe èyí, adirẹnalíìnì sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí èdè kò lè yanjú: ènìyàn ni a ṣe EchiTAb fún, kò sì pọ̀ nílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà a ń ṣe aporó tí ó jẹ́ ti ẹran-ọ̀sìn gan-an. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ajá ni ó jẹ́ pé omi ara tí a ń fà sí iṣan ẹ̀jẹ̀, oògùn ìrora àti ìṣọ́ra ni yóò fi yè, nítorí pé ọmọ ènìyàn kan lè nílò ìgò aporó kan náà ní ọ̀la.

Orúkọ ejò àti àmì ohùn

Bí dókítà bá béèrè irú ejò tí ó ṣán ajá, ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni, "Paramọ́lẹ̀ ni, dókítà, ẹ dákun ẹ bá mi wò ó." Ohun tí ó pa ara mọ́ ilẹ̀ ni paramọ́lẹ̀, ìwà ni orúkọ náà ń sọ, kò sọ irú. Bitis arietans ń pa ara mọ́lẹ̀, ó sì lè pa ajá. Causus maculatus náà ń pa ara mọ́lẹ̀, wíwú ni oró tirẹ̀ sábà máa ń mọ sí. Ọká ń jẹ́ Bitis gabonica lẹ́nu àwọn kan, ó sì ń jẹ́ ejò tí ń na ọrùn lẹ́nu àwọn mìíràn. Kí á má fi èyí dá àgbẹ̀ lẹ́bi: àwọn onísáyẹ́ǹsì pàápàá pín Naja melanoleuca kan ṣoṣo sí márùn-ún ní 2018. Fún ìlò oníṣègùn, paramọ́lẹ̀ ńlá àti paramọ́lẹ̀ kékeré yóò tó, a ó sì pín ṣèbé sí ṣèbé igbó àti ṣèbé atutọ́.

Atutọ́ yìí ni ó gbé mi dé orí àmì ohùn. Ṣèbé yìí a máa tu oró sí ajá lójú, omi mímọ́ púpọ̀ ni a sì fi ń fọ̀ ọ́. A kì í kán aporó sí ojú. Itọ́ ni ohun tí ń ti ẹnu jáde, ìtọ̀ ni ohun tí a ń tọ̀. Bí a bá kọ "fo ito kuro loju aja" láìsí àmì, ẹni tí ó ti gbọ́ rí pé a ń fi ìtọ̀ wẹ ojú tí ejò tutọ́ sí yóò rí ẹ̀rí fún ohun tí ó gbàgbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "oro ejo": oró ejò ni, àbí ọ̀rọ̀ ẹjọ́? Láti 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní, ó sì ya ni lẹ́nu pé ìwé ìlera ni ó ń kọ àmì sílẹ̀ jù.

Èyí ni ohun tí mo kọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a ti jíròrò, kí ẹ wò ó bóyá alájá ní Ẹ̀gbẹ́dá lè kà á kí ó sì yé e:

"Bí ejò bá ṣán ajá yín, ẹ kúrò nítòsí ejò náà, ẹ má lépa rẹ̀. Ẹ tú okùn ọrùn ajá, nítorí ọrùn lè wú. Ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kí ó rìn. Oró kì í ṣe májèlé: ẹ má fún un ní epo, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má di okùn mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má sì fún un ní asipiríìnì tàbí oògùn ìrora ènìyàn mìíràn. Ẹ máa ṣọ́ èémí rẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà àkókò tí ejò ṣán an àti bí ejò náà ti rí."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ìkọ̀-ara nìkan ni kò tí ì tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ó súnmọ́ ìkọ̀sílẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí olóòtú.